Bí ẹ ṣe máa tọ́jú ẹ̀tẹ̀, láti ọjọ́ tí àmì bá yọ títí oògùn yóò fi tán

Ìbéèrè kan náà ló ń wọlé ní oríṣiríṣi ọ̀nà. “Àmì kan yọ sí ọmọ mi lẹ́yìn, kò yún un, kò dùn ún, ṣé kì í ṣe ẹ̀tẹ̀?” “Wọ́n ní ẹ̀tẹ̀ ló ń ṣe bàbá ìyàwó mi, ṣé ká ya abọ́ wọn sọ́tọ̀ ni?” “Èló ni wọ́n ń ta oògùn rẹ̀?”

Ẹ̀tẹ̀ ṣì wà. Oògùn rẹ̀ wà, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń pa kòkòrò àrùn náà tán. Ohun tí oògùn kì í sábà dá padà ni iṣan ìmọ̀lára tó ti kú kí aláìsàn tó dé ilé ìwòsàn, òun gan-an ló sì ń sọ èèyàn di aláàbọ̀ ara. Iṣẹ́ méjì ló wà níwájú yín nìyẹn: kí ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ oògùn, kí ẹ sì máa ṣọ́ ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ojú, nítorí oògùn kò ní bá yín ṣọ́ ìyẹn.

## 1. Ẹ yẹ ara wò

Kòkòrò ẹ̀tẹ̀ kì í kánjú. Ó lè wà lára fún nǹkan bí ọdún 5, nígbà mìíràn fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí àmì tó hàn. Awọ ara àti iṣan ìmọ̀lára ló ń bá jà.

1. Ẹ dúró síbi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wà. Àmì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ kì í hàn dáadáa lábẹ́ gílóòbù.
2. Ẹ bọ́ aṣọ, kí ẹni tí ẹ fọkàn tán bá yín wo ẹ̀yìn, ìdí, ẹ̀yìn apá àti ẹ̀yìn itan.
3. Ẹ wá ojú ara tí àwọ̀ rẹ̀ ṣí ju ti ibi tó kù lọ, tàbí tó pọ́n bíi bàbà. Ó lè tẹ́jú, etí rẹ̀ sì lè ga díẹ̀. Òógùn kì í sábà yọ níbẹ̀, irun ibẹ̀ sì lè já. Àmì ẹ̀tẹ̀ kì í funfun báláú bí ẹfun; bó bá rí bẹ́ẹ̀, nǹkan mìíràn ló ṣeé ṣe kó jẹ́.
4. Ẹ fọwọ́ pa etí àti ojú wò. Kókó wẹ́wẹ́, etí tó nípọn, irun òkè ojú tó ń já láti ẹ̀gbẹ́ ìta wá, gbogbo wọn tó kí ẹ lọ rí òṣìṣẹ́ ìlera.
5. Ẹ fi òwú dán ìmọ̀lára wò. Ẹ lọ́ òwú náà kí orí rẹ̀ ṣóńṣó. Ẹ kọ́kọ́ fi kan ibi tí awọ dára lójú aláìsàn, kó mọ bó ṣe ń rí. Lẹ́yìn náà, kó dijú. Ẹ fi òwú kàn án lẹ́ẹ̀kan, ẹ má fà á, kó sì fi ìka tọ́ka sí ibi tí ẹ kàn. Ẹ ṣe é lójú àmì náà àti ní àyíká rẹ̀. Bí ó bá ń mọ ti àyíká tí kò sì mọ ti ojú àmì, ọ̀sẹ̀ yẹn kò gbọdọ̀ parí kí ẹ tó dé ilé ìwòsàn.

Ẹ má fi abẹ́rẹ́, iná sìgá tàbí ṣíbí gbígbóná dán an wò. Egbò tí kò dun aláìsàn lẹ ó fi dá sí i lára. Ní ti ọmọ kékeré, ohun tó bá wù ú ni yóò sọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì ṣe tiẹ̀.

Nígbà mìíràn kò sí àmì lára rárá. Ẹ ṣọ́ àwọn wọ̀nyí pẹ̀lú:

- ó dà bíi pé èèrà ń rìn lọ́wọ́ tàbí lẹ́sẹ̀, tàbí kí ibẹ̀ kú tipiri
- ìka ọwọ́ tó kéré jù àti èyí tó tẹ̀ lé e ń kákò
- sìlípáàsì ń bọ́ lẹ́sẹ̀ láìmọ̀, tàbí orí ẹsẹ̀ ń wọ́lẹ̀
- iná jó èèyàn, ojú ló fi rí i, ara rẹ̀ kò sọ fún un
- egbò àtẹ́lẹsẹ̀ tí kò dùn ún
- ojú tí kò pa dé bó bá ń sùn

Làpálàpá a máa yún. Ẹ̀tẹ̀ kì í sábà yún, bẹ́ẹ̀ ni kì í sábà dun èèyàn, ta ló sì fẹ́ náwó lé ohun tí kò dùn ún? Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, àmọ́ ohun tí à ń ṣe ní kẹ́míìsì gan-an nìyẹn: ìpara kan lẹ́yìn òmíràn, títí ọdún á fi yípo. Bí ẹ bá ti lo oògùn làpálàpá bó ṣe yẹ tí àmì náà kò lọ, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ, kódà bí ibẹ̀ bá ṣì ní ìmọ̀lára. Oríṣi ẹ̀tẹ̀ kan wà tí àmì rẹ̀ pọ̀ lára, tí ibẹ̀ kò sì tíì kú.

## 2. Ibi tí ẹ ó gbà lọ

Ní Nàìjíríà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn alábọ́dé tó súnmọ́ yín. Ẹ béèrè báyìí: “Ta ló ń bójú tó ikọ́ ife àti ẹ̀tẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ yìí?” Òṣìṣẹ́ náà wà, iṣẹ́ méjèèjì ni wọ́n so pọ̀ mọ́ ara wọn. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí nọ́ọ̀sì tí ẹ kọ́kọ́ bá pàdé kò bá tíì rí ẹ̀tẹ̀ rí. Bó bá ní làpálàpá ni, ẹ gba oògùn tó fún yín, ṣùgbọ́n bí kò bá san, ẹ padà lọ, kí ẹ sì dárúkọ ẹ̀tẹ̀ lẹ́nu ara yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní orílẹ̀-èdè Benin, ilé ìwòsàn tó wà ní Pobè fún egbò Buruli wà fún ẹ̀tẹ̀ náà. Ẹ̀yin ará Ìlú Ọba, ẹ sọ fún dókítà yín pé Nàìjíríà lẹ ti dàgbà, nítorí ẹ̀tẹ̀ kì í wá sí wọn lọ́kàn. Hospital for Tropical Diseases ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ nípa rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ètò ìjọba fún àrùn Hansen, orúkọ tí wọ́n ń pe ẹ̀tẹ̀ níbẹ̀, ló ń fún èèyàn ní oògùn lọ́fẹ̀ẹ́. Oṣù tí wọ́n fi ń lo oògùn níbẹ̀ sábà máa ń gùn ju ti ilé lọ, ẹ má jẹ́ kó dà yín lọ́kàn rú.

Ohun tí wọ́n máa ṣe fún yín: wọ́n á ka àmì ara, wọ́n á fọwọ́ wá iṣan ní ìgbọ̀nwọ́, ọrùn àti ẹ̀gbẹ́ orúnkún bóyá ó ti wú, wọ́n á dán agbára ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ìpéǹpéjú wò. Wọ́n lè fi abẹ họ etí díẹ̀ kí wọ́n gba omi ara lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi ẹ̀tẹ̀ hàn bí wọ́n ṣe ń yẹ ibà wò. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ yín lórí èyí, ẹ má sanwó fún un.

Ẹ sọ àwọn nǹkan wọ̀nyí kí wọ́n tó fún yín lóògùn:

- oyún tàbí ọmọ lọ́mú
- ikọ́ tó ti pẹ́
- oògùn HIV, oògùn ìfètò sọ́mọ bíbí, tàbí oògùn mìíràn tí ẹ ń lò
- oògùn tó ti bá yín lára jà rí
- orúkọ àwọn tí ẹ jọ ń gbé

## 3. Bí ẹ ṣe máa lo oògùn

Oògùn mẹ́ta ni wọ́n ń lò pọ̀: rifampicin, dapsone àti clofazimine. Láti 1981 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti ní kí wọ́n má fi ẹyọ kan ṣoṣo wo ẹ̀tẹ̀ mọ́, nítorí ó máa ń mọ́ kòkòrò náà lára. Inú káàdì ni wọ́n tò ó sí, káàdì kan fún ọjọ́ 28.

Bí àmì ara kò bá ju 5 lọ, tí wọn kò sì rí kòkòrò nínú omi ara, oṣù 6 ni. Bó bá ju 5 lọ, tàbí tí wọ́n rí kòkòrò, oṣù 12 ni. Bí iṣan bá ti kó sí i, òṣìṣẹ́ ìlera lè gbé yín sí ti oṣù 12 bí àmì kò tilẹ̀ pọ̀.

1. Ní ọjọ́ kìíní káàdì kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé oògùn mì lójú òṣìṣẹ́ ìlera. Ti ọjọ́ yẹn ló pọ̀ jù: fún àgbàlagbà, rifampicin 600 mg, clofazimine 300 mg, dapsone 100 mg.
2. Ọjọ́ 27 tó kù, nílé: clofazimine 50 mg àti dapsone 100 mg lójoojúmọ́. Káàdì àwọn ọmọdé yàtọ̀; ẹ má dá ti àgbà sí méjì fún wọn.
3. Ẹ mú àkókò kan, kí ẹ má yí i padà. Clofazimine a máa yanjú nínú bí oúnjẹ bá ti wà níbẹ̀.
4. Ẹ mú káàdì tó ti ṣófo padà wá gba tuntun.
5. Bí ẹ bá gbàgbé lọ́jọ́ kan, ẹ má lo ìlọ́po méjì lọ́jọ́ kejì. Ẹ máa bá a lọ. Káàdì 6 gbọ́dọ̀ tán kó tó pé oṣù 9; káàdì 12, kó tó pé oṣù 18.
6. Bí ẹ ń lọ oko tàbí ìrìn àjò, ẹ sọ ṣáájú kí wọ́n fún yín ní káàdì tó pọ̀ tó.

Ohun tí ẹ máa rí tí kò gbọdọ̀ dẹ́rù bà yín. Ìtọ̀ á pupa lọ́jọ́ tí ẹ bá lo rifampicin. Awọ ara á dúdú sí i, pàápàá ibi tí àmì wà; clofazimine ló ń ṣe é. Èyí ló ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò nídìí oògùn, nítorí àwọn aládùúgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀. Bí oògùn bá tán, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí díẹ̀díẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan. Ẹ máa fi òrí tàbí báásílíìnì pa ara, nítorí awọ á gbẹ.

Ohun tó yẹ kó dẹ́rù bà yín. Bí ojú bá pọ́n bíi ti ẹni tó ní ibà pọ́njú, bí èémí bá ń ké, tàbí tí ibà àti èélá bo gbogbo ara ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, ẹ dá oògùn dúró kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Dapsone ló sábà máa ń fà á. Ìgbà kan ṣoṣo tí ẹ lè fọwọ́ ara yín dá a dúró nìyẹn. Dókítà á yọ ọ́ kúrò, á sì mọ èyí tó máa fi rọ́pò.

Aláboyún àti ìyá ọlọ́mọ lè lo oògùn yìí. Awọ ọmọ tó ń mu ọmú lè dúdú díẹ̀, á ṣí padà. Rifampicin lè mú kí oògùn ìfètò sọ́mọ bíbí tí wọ́n ń gbé mì má ṣiṣẹ́ tó, ẹ béèrè ọ̀nà mìíràn. Bí ẹ bá ní ikọ́ ife pẹ̀lú, rifampicin ẹ̀ẹ̀kan lóṣù kò tó fún un. Ẹ gbọ́dọ̀ gba oògùn ikọ́ ife lọ́tọ̀.

Bí oògùn bá tán ní ilé ìwòsàn. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí: ní 2024, oògùn yìí wọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi ní Nàìjíríà. Ẹ má lọ ra rifampicin nìkan ní kẹ́míìsì. Ẹ ní kí òṣìṣẹ́ náà béèrè ní ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ lò ó kẹ́yìn sílẹ̀, kí ẹ má sì dá ìtọ́jú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ dúró. Láti 1995 ni wọ́n ti ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́ káàkiri ayé. Owó ọkọ̀ nìkan ló yẹ kó ná yín. Bí ẹnikẹ́ni bá tà á fún yín, jìbìtì ni.

## 4. Bí ara bá ṣàdédé ru sókè

Èyí ni kò sẹ́ni tó ń sọ fún aláìsàn dáadáa, ó sì burú ju ẹ̀tẹ̀ gan-an lọ. Nígbà tí ara bá ń bá kòkòrò jà, àní kòkòrò tó ti kú, ó lè ṣàdédé gbóná sí i. Ó lè ṣẹlẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, láàárín oògùn, tàbí lẹ́yìn tó ti tán. Ẹ wo àwọn àmì rẹ̀:

- àmì ara wú, ó pọ́n, ó gbóná
- iṣan ìgbọ̀nwọ́ tàbí ti ẹsẹ̀ ń ro èèyàn
- ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rọ láàárín ọjọ́ díẹ̀
- kókó tó ń dunni yọ lára pẹ̀lú ibà
- ojú pọ́n, ó ń dunni, kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀

Ohun tí ẹ ó ṣe:

1. Ẹ má dá oògùn ẹ̀tẹ̀ dúró. Kì í ṣe pé oògùn kò ṣiṣẹ́, kì í sì í ṣe ọwọ́ ayé.
2. Ẹ dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, tàbí ó pẹ́ tán ní ọjọ́ kejì. Iṣan lè kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí kò bá tíì pé oṣù 6 tí ó rọ, ìrètí wà pé oògùn lè gbé e dìde.
3. Ẹ sinmi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ náà. Ẹ fi ìborùn gbé ọwọ́ kọ́ ọrùn.
4. Bí wọ́n bá kọ prednisolone, oògùn tó ń mú kí ara tó ru sókè rọlẹ̀, ẹ lò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni, wọ́n á máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá gé e lójijì ń fi ẹ̀mí tayò.

Mo mọ̀ pé kẹ́míìsì àdúgbò ń ta prednisolone fún àwọn tó fẹ́ sanra. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ wọn. Ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ sókè, aràn inú sì lè fi ṣe ilé. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń lé aràn kí ó tó kọ ọ́.

## 5. Ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ojú

Ẹ̀tẹ̀ kì í jẹ ìka. Ibi tí kò ní ìmọ̀lára ni iná ń jó, tí ìṣó ń gún, tí egbò ń kẹ̀ títí dé eegun, ìka á sì máa kúrú. Ìyẹn túmọ̀ sí pé bí iṣan bá tilẹ̀ ti kú, ìka lè wà pé títí ọjọ́ alẹ́ bí ẹ bá ń ṣọ́ ọ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni lálaalẹ́:

1. Ẹ wo ọwọ́ àti ẹsẹ̀ dáadáa: àárín ìka, gìgísẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀. Bí ẹ kò bá lè tẹ̀ wò ó, ẹ fi dígí sílẹ̀ wò ó, tàbí kí ọmọ bá yín wò ó.
2. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lásán fún ogún ìṣẹ́jú. Kò gbọdọ̀ gbóná, kí ẹni tí ara rẹ̀ mọ ooru sì kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀ ọ́.
3. Ẹ fi òkúta ìha-ẹsẹ̀ ha ibi tó le. Ẹ má fi réésà gé e.
4. Kó tó gbẹ, ẹ fi òrí tàbí báásílíìnì pa á kí omi má bàa kúrò nínú awọ.
5. Ẹ fi ọwọ́ kejì na ìka tó ń kákò, ẹ ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà.

Nídìí iná. Ẹ fi aṣọ tó nípọn di ìkòkò mú, kí ọwọ́ orógùn gùn. Ẹni tó ń dín gàrí tàbí tó ń fín ẹja, kó wá nǹkan bo ọwọ́. Sàlẹ́ńsà ọ̀kadà ti jó ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò mọ̀ títí wọ́n fi délé. Ẹ gun ọ̀kadà pẹ̀lú ṣòkòtò gígùn àti bàtà.

Bàtà. Kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ le, kí inú rẹ̀ rọ̀, kó ní okùn lẹ́yìn. Sìlípáàsì kò dára, nítorí ìka á máa gán an mọ́lẹ̀ láìmọ̀. Bí ṣúmékà bá máa ṣe é, táyà dára fún ìsàlẹ̀, àmọ́ ẹ sọ fún un pé gọ́ọ̀mù ni kó fi lẹ̀ ẹ́ tàbí kó rán an, kó má kan ìṣó. Ẹ gbọn bàtà kí ẹ tó wọ̀ ọ́.

Eku. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Eku máa ń jẹ ìka ẹsẹ̀ tí kò ní ìmọ̀lára lóru. Ẹ fọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kí òórùn oúnjẹ má wà níbẹ̀, ẹ sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì tí ẹ ti etí rẹ̀ bọ abẹ́ ẹní, kí ẹ sì gba ológbò bí àyè bá wà.

Ojú. Bí kò bá pa dé, ẹ máa mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ́ ẹ lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́. Fìlà tó ní etí tàbí jígí lọ́sàn-án, aṣọ fẹ́lẹ́ lójú lóru. Ẹ wò ó nínú dígí bóyá ó pọ́n, nítorí ojú tó ti kú kò ní sọ pé ìdọ̀tí wọ òun.

Egbò. Ìsinmi ni oògùn rẹ̀. Ẹ fi omi mímọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi aṣọ mímọ́ dì í, kí ẹ má sì tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Ẹ lo ọ̀pá. Ẹ má da oògùn inú kápúsù sójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ má fi ewé gúngún dí i. Bó bá ń rùn, tó ń yọ ọyún, tàbí tí ibà bá bá a dé, ilé ìwòsàn ni.

## 6. Dídáàbò bo àwọn ará ilé

Afẹ́fẹ́ imú àti ẹnu aláìsàn tí kò tíì lo oògùn ni ẹ̀tẹ̀ ń gbà ràn, lẹ́yìn tí èèyàn bá ti bá a gbé pẹ́. Bíbọ èèyàn lọ́wọ́, ìdìmọ́ra, àwo oúnjẹ, ìjókòó inú ọkọ̀, kò gba ibẹ̀ ràn. Ọ̀pọ̀ jùlọ èèyàn ni ara wọn lè ṣẹ́gun rẹ̀ fúnra rẹ̀. Láìpẹ́ sí ìgbà tí aláìsàn bá bẹ̀rẹ̀ oògùn, kò lè kó o ran ẹlòmíràn mọ́. Nítorí náà ẹ má ya abọ́ ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀, ẹ má lé ìyàwó, ẹ má já ọmọ lẹ́nu ọmú.

1. Gbogbo ẹni tó ń bá a gbé, kí òṣìṣẹ́ ìlera yẹ wọ́n wò tọmọdé tàgbà. Kí wọ́n tún un ṣe lọ́dọọdún fún bí ọdún 5.
2. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń fún ará ilé ní rifampicin ìlò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. WHO fọwọ́ sí i ní 2018 fún àgbà àti ọmọ tó ti pé ọdún 2. Ó ń dín ewu náà kù ní bí ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó bá ti ní àmì ẹ̀tẹ̀, tó ní ikọ́ ife, tó lóyún, tàbí tí ẹ̀dọ̀ ń yọ lẹ́nu kò gbọdọ̀ lò ó. Kò sí níbi gbogbo. Bí wọn kò bá ní in, àyẹ̀wò ọdọọdún ló kù, kì í sì í ṣe nǹkan kékeré.
3. Ẹ rí i pé àwọn ọmọ tuntun gba abẹ́rẹ́ BCG. Ti ikọ́ ife ni, àmọ́ ó ń dáàbò boni díẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀tẹ̀ pẹ̀lú.
4. Ẹ ṣí fèrèsé. Kí èèyàn má kún yàrá kan jù.

Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ lọ sọ fún ará àdúgbò láìjẹ́ pé aláìsàn gbà. Bí àṣírí rẹ̀ bá tú lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kì í padà wá gba káàdì kejì.

## Àṣìṣe tó ń pọ̀ jù

- gbẹ́rẹ́ sínsín, tàbí fífi iná jó ojú àmì náà
- àgbo dípò oògùn. Ẹni tó bá fẹ́ mu àgbo, kó kọ́kọ́ sọ fún òṣìṣẹ́ ìlera, nítorí oògùn yìí ti ń gba ẹ̀dọ̀ kọjá
- ìpara ìbóra tó ń mú àmì parẹ́ lójú nígbà tí iṣan ń kú lábẹ́
- dídá oògùn dúró ní oṣù kejì nítorí pé àmì ti ń ṣá

## Bí káàdì bá ti tán

Òṣìṣẹ́ ìlera á kọ ọ́ pé ẹ ti parí ìtọ́jú. Àmì lè ṣì wà lára, ibi tó ti kú lè má jí mọ́. Kò túmọ̀ sí pé kòkòrò wà níbẹ̀. Ẹ kò nílò káàdì mìíràn. Ọwọ́ tó ti kákò tàbí ẹsẹ̀ tó ń wọ́lẹ̀ ṣeé fi iṣẹ́ abẹ tún ṣe ní àwọn ilé ìwòsàn kan, ẹ ní kí wọ́n kọ ìwé rán yín lọ.

Ẹ padà lọ kíákíá bí àmì tuntun bá yọ, bí iṣan bá ń ro yín, tàbí bí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bá ń rọ sí i. Kí ẹ sì tọ́jú ìwé ìtọ́jú yín síbi tí òjò àti ikán kò ní dé: bó bá di ọdún mélòó kan sí i, iye oògùn tí ẹ lò àti bí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yín ṣe rí lọ́jọ́ tí ẹ parí rẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè.